Ojú Tí Sìdíkátù Fẹ́ Dá Dúró

Kọ́tìnnì ni Sìdíkátù ń rán. Bí ẹ bá wọ ilé tuntun kan ní Ìgàndò, tí ẹ rí kọ́tìnnì tó balẹ̀ dáadáa lójú fèrèsé, tí etí rẹ̀ gún régé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Nùrẹ́nì ọkọ rẹ̀, tó ń jó irin pọ̀ ní ẹ̀bá títì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lòun náà. Èmi pẹ̀lú wọn la jọ ń gbé ilé kan náà, ilẹ̀kùn wọn dojú kọ tèmi, kànga kan náà la sì ń pọn. Ìyá Fẹ́kọ́mi ni wọ́n ń pè mí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Abdulmuiz ni àkọ́bí, Hamdalah ló tẹ̀lé e. Abdulmuiz kọ́ṣẹ́ fèrèsé alumíníọ́mù, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò wọlé bó ṣe yẹ. Ó lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ láti àárọ̀ Mọ́ńdè títí di ọjọ́ Jímọ̀ láìrí ẹni tó máa ní kó wá wọn ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ọláìtán ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọ̀nà Líbíà. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ rò pé iṣẹ́ ló lọ ṣe ní Ìpájà. Àfi bó ṣe pè láti Àgádéésì, lẹ́bàá aṣálẹ̀, tó ní, “Ìyá mi, ẹ má bínú, mo ti kúrò ní Nàìjíríà.”

Lẹ́yìn ìyẹn ó máa ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣe kẹ́yìn, kò pè, ohùn ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Ítálì ti fẹ́ gbéra, kí ìyá òun máa ṣàdúrà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Ó tó oṣù mélòó kan kí Ọláìtán tó pè. Òun ti dé Ítálì. Ó ní wọ́n pín àwọn sí ọkọ̀ méjì létí òkun, pé èyí tí Abdulmuiz wọ̀, àwọn ò rí i mọ́ nígbà tí àwọn dé àárín omi. Ó ní òun gbọ́ pé ọkọ̀ náà dojú dé. Ó ní òun tún gbọ́ pé wọ́n rí díẹ̀ yọ nínú àwọn èèyàn inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò mọ àwọn tí wọ́n yọ.

Ọ̀rọ̀ Ọláìtán yìí ló pín ilé náà sí méjì. Nùrẹ́nì mú ibi tó ti ní ọkọ̀ dojú dé. Sìdíkátù mú ibi tó ti ní wọ́n rí díẹ̀ yọ.

“Sìdí, jẹ́ ká pe àáfà,” ni Nùrẹ́nì máa ń wí. “Ká ṣe fídàú fún ọmọ yìí. Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú, ó yá ju kí ọmọ ẹni nù lọ.”

“Ta ló kú? Ṣé ẹ rí òkú ẹ̀ ni?”

“Mi ò rí i.”

“Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ nígbà náà jàre.”

Àwa aládùúgbò ò tiẹ̀ mọ bí a ó ṣe máa kí i. Bí èèyàn bá ní “ẹ kú ọ̀fọ̀,” èèyàn ti pa ọmọ ọlọ́mọ. Bí èèyàn bá ní “ẹ kú ojú lọ́nà,” ọkọ rẹ̀ á wo èèyàn tìkà-tìkà. Mo máa ń ní “ẹ kú iṣẹ́” ṣá, màá sì bá tèmi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná wà, mò ń fọ abọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀. Sìdíkátù tẹ́ kọ́tìnnì sílẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, ó ń ṣẹ́ etí rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lọ. Ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ni. Wọ́n ń fi àwọn tí wọ́n yọ nínú òkun hàn, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, wọ́n jókòó sílẹ̀ létí omi. Ọ̀kan nínú wọn gbé orí sókè. Igbe tí Sìdíkátù ké, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

“Muiz rè é! Bàbá Muiz, ẹ yára wá o! Muiz rè é!”

Nùrẹ́nì ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Ó sáré wọlé tòun tẹsẹ̀ tútù. Kó tó dé ibẹ̀, wọ́n ti ń polówó ọṣẹ.

“Níbo ló wà?”

“Ó ti lọ. Ó ti kọjá. Òun ni, Bàbá Muiz. Mo fi Ọlọ́run búra, òun ni. Bó ṣe máa ń gbé àgbọ̀n sókè yẹn ni.”

Nùrẹ́nì dúró, omi ń kán lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Sìdí, ojú ẹ ló ń ṣe ẹ́,” ó sì padà lọ parí àlùwàlá rẹ̀.

Hamdalah wá àwòrán náà títí lórí fóònù. Ó rí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn tí wọ́n yọ nínú òkun, kò rí èyí tí ìyá rẹ̀ rí. Ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ní wọ́n máa ń bá èèyàn wá ẹni tó bá sọnù lójú ọ̀nà, wọ́n dúró láti àárọ̀, obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní àwọn ò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa orúkọ yẹn. Sìdíkátù bá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ó ní ohun tí wọ́n bá ti fi hàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún fi hàn. Ohun tó ń dùn ún ni pé bí wọ́n bá tiẹ̀ tún fi í hàn, á tún kọjá bíi ti àkọ́kọ́.

Ọjọ́ tó lọ gbé kọ́tìnnì kọ́ fún Ìyá Testimony ní Gówọ̀n Ẹ̀sítéètì ni ohun tuntun yọjú. Tíṣà ni Ìyá Testimony, ará Oǹdó ni. Sìdíkátù ló fẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní obìnrin náà ń wo ìwàásù lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó tẹ rímóòtù, pásítọ̀ sì dúró gbagidi sójú tẹlifíṣọ̀n, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó tún tẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Sìdíkátù wà lórí àga tó gùn, ó ní díẹ̀ ló kù kí òun já bọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ṣe sí i?”

“Mo dá a dúró ni. Dikódà yìí máa ń gba nǹkan sílẹ̀. Bí mi ò bá sí nílé, màá ti sọ fún un pé kó bá mi gba èyí tí mo fẹ́, màá wá wò ó nígbà tó bá wù mí.”

“Ṣé ó lè padà sẹ́yìn?”

“Á padà. Ó lè máa rìn díẹ̀díẹ̀ pàápàá.”

“Tó bá wá jẹ́ ojú èèyàn ńkọ́? Ṣé ojú yẹn á dúró kéèyàn wò ó dáadáa?”

Ó ní Ìyá Testimony rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sìdíkátù kan ilẹ̀kùn mi. “Ìyá Fẹ́kọ́mi, ìwọ lo máa sìn mí dé Ìkòtún. Mi ò fẹ́ mú Hamdalah dání, á máa sunkún.”

A wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n àti dikódà, kò jìnnà sí ráńdàbáòtù. Gideon ni orúkọ ẹni tó ni ín, ará Èkìtì kan báyìí tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó fún wa ní bẹ́ǹṣì.

“Mọ̀mí, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ fẹ́ máa gbà sílẹ̀ ni àbí fíìmù?”

“Ìròyìn ni,” ni Sìdíkátù wí.

“Ìròyìn kẹ̀? Ìròyìn tó ti kọjá, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?”

Èmi ni mo ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣáà fi èyí tẹ́ ẹ ní hàn wá.”

Mẹ́ta ló gbé jáde. Èkíní, dikódà kékeré kan ni, ó ní ihò kan níwájú tí èèyàn lè ki fláàṣì bọ̀. Ó ní ìyẹn ò ní owó oṣooṣù, ohun tí a bá ń wò lọ́wọ́ ló máa gbà sílẹ̀, kò lè gba nǹkan míì. Èkejì tóbi. Ó ní ibi ìpamọ́ wà nínú ikùn òun fúnra rẹ̀, a lè máa wo ọ̀kan kó máa gba òmíràn, a sì lè dá èyí tó ń lọ lọ́wọ́ dúró, ṣùgbọ́n èèyàn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí owó oṣù rẹ̀ já. Ẹ̀kẹta, tòkúnbọ̀ ni, inú àwo fídíò ló ń gbà á sí. Gideon fúnra rẹ̀ ò fọwọ́ sọ̀yà fún ìyẹn.

Sìdíkátù ò bi í léèrè bó ṣe máa pẹ́ tó, kò bi í léèrè wárántì. Ó kàn fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Èwo nínú wọn ló lè dá ojú èèyàn dúró, tí kò ní fọ́?”

Gideon wò mí. Mo gbójú kúrò.

“Mọ̀mí, ẹ ṣàlàyé fún mi kí n lè ràn yín lọ́wọ́.”

Ìgbà yẹn ló sọ ọ́. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ iye gígùn fèrèsé. Nígbà tó parí, Gideon gbé àga tirẹ̀ súnmọ́ wa. Ó ní ká mú kékeré lọ ná, kí a má náwó ńlá sórí ohun tí kò dájú. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ká dá a padà fún òun.

Kò ṣiṣẹ́. Ó ń gba nǹkan sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbé ìkànnì tí Sìdíkátù ti rí ọmọ rẹ̀. Ìròyìn Nàìjíríà nìkan ló ń rí gbà, àwọn olóṣèlú tí wọ́n ń gé rìbọ́nì. Bí iná bá sì ṣẹ́jú báyìí, gbogbo èyí tó ti gbà ni á dàrú. Ó dá a padà, Gideon sì gbà á láìjanpata. Èyí tó tóbi nìkan ló kù, owó rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Ó bá ta ẹ̀rọ wífìn rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń so etí aṣọ kó má baà tú.

“Ìyá mi, kí lẹ wá fẹ́ máa fi ṣe etí kọ́tìnnì?” Hamdalah bi í.

“Ọwọ́ mi.”

Ọjọ́ tí wọ́n wá so dikódà náà mọ́lẹ̀, Nùrẹ́nì gbé àga jáde. Ó jókòó sí ìta, ó kẹ̀yìn sí ilé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó gbé bátìrì ọkọ̀ ńlá kan dé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé ìnfátà tó ti tún ṣe tì í, ó sì so ó mọ́ dikódà náà kó má baà kú bí iná bá lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó.

“Bàbá Muiz, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Mi ò fẹ́ ariwo nínú ilé mi ni,” ló dá mi lóhùn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Dikódà ń gba ìròyìn ní ìrọ̀lẹ́, bí Sìdíkátù bá kírun Àsùbá tán, á jókòó tì í, á máa wò ó díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi èèyàn dúdú hàn, á dá a dúró. Á wo ojú, á jẹ́ kó lọ. Ó di pé ó mọ ojú àwọn àjèjì kan bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀. Ó ní èyí tó de fìlà pupa yẹn ti sanra díẹ̀. Ó ní obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n lọ́jọ́sí, òun ò rí ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Kọ́tìnnì àwọn oníbàárà ń ga sókè ní igun pálọ̀. Àwọn kan wá gba aṣọ wọn padà láìrán, wọ́n sì bú u. Kò bú wọn padà. Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un, á sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀ láìgbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Ìyá Muiz, tẹ́ ẹ bá wá rí i tó jẹ́ òun lóòótọ́, kí lẹ máa ṣe? Ẹ ò mọ ibi tí wọ́n kó wọn lọ.”

“Màá mọ̀ pé ó wà,” ló wí. “Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ọ̀sán Sátidé kan ni Hamdalah sáré wá pè mí. Ìkànnì náà ti fi ètò gígùn kan hàn nípa àwọn tó ń gba òkun kọjá, dikódà ti gbà á, àwòrán yẹn sì wà nínú rẹ̀: àwọn èèyàn lórí ilẹ̀ létí omi, bùláńkẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, Nùrẹ́nì wà níbẹ̀, ó dúró ti ògiri. Sìdíkátù jókòó sílẹ̀, rímóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ó ń dúró dè wá.

“Bísímílláì,” ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n jáde. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sókè. Sìdíkátù dá a dúró. Kò hàn dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ṣì ń lọ, ojú rẹ̀ rí bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ pa ẹfun rẹ́ lára ògiri. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Orí dé òkè, ojú sì là kedere.

Ó dúdú, ó rù, ètè rẹ̀ ti bó. Ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti Muiz. Bó ṣe gbé àgbọ̀n yẹn, bíi ti Muiz ni. Mo wá rí ohun tó rí lọ́jọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá bí Abdulmuiz, tó sì rí i fìrí, á pariwo.

Sìdíkátù dìde, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fọwọ́ kàn án. Ó wo imú. Ó wo ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi tí mo fi ń gbọ́ ariwo ìnfátà nínú yàrá.

“Kì í ṣe òun,” ló wí.

Kò sunkún. Nùrẹ́nì ló kúrò lára ògiri.

“Kí lò ń wí? Wò ó dáadáa!”

“Mo ti wò ó.”

“Ó rù ni! Ebi ló sọ ojú ẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gba aṣálẹ̀ kọjá, ojú wọn máa ń yí padà. Wo ọrùn ẹ̀! Ọrùn bàbá mi nìyẹn, Sìdí, ọrùn bàbá mi nìyẹn!”

“Bàbá Muiz, èmi ni mo bí i. Kì í ṣe òun.”

“Dá a padà sẹ́yìn. Dá a padà, mo ní!”

Ó nawọ́ rímóòtù sí i. Nùrẹ́nì ò mọ̀ ọ́n lò, ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. Ọmọkùnrin náà sọ orí kalẹ̀, ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé e sókè. Ọkùnrin yìí dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sí ojú ọmọ ọlọ́mọ. Omi ń dà lójú rẹ̀ wọnú irùngbọ̀n. Hamdalah ló wá gba rímóòtù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ní, “Bàbá mi, ó tó. Ẹ jọ̀ọ́, ó tó.”

Ẹni tó ń pariwo àáfà láti ọjọ́ yìí wá! Àṣé òun gan-an ló fẹ̀yìn ti ìrètí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni fẹ̀yìn ti ògiri. Bó ṣe ní ọmọ ti kú tó, ó mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ilé tí kò ní gbà. Ní báyìí, ẹni yẹn ti gbà.

Sìdíkátù fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Àáfà Yésúfù. Wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ilé, a yá àga díẹ̀, àwọn ará mọ́ṣáláṣí wá, àwọn oníṣẹ́ irin wá. Àwọn obìnrin tí kò mọ bí wọn ó ṣe kí i tẹ́lẹ̀ wá rí ìkíni kí i wàyí, wọ́n ní Ọlọ́run á fi ọ̀fọ̀ ra ẹ̀mí. Ó ń ní àmín, àmín. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí itan rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀.

Kí àáfà tó bẹ̀rẹ̀, ó yíjú sí Nùrẹ́nì, ó rọra ní, “Ọjọ́ wo ni ọlọ́jọ́ dé, kí n lè mẹ́nu bà á nínú àdúrà?”

Nùrẹ́nì wo ìyàwó rẹ̀.

“A ò mọ̀,” ni Sìdíkátù wí.

“Ọlọ́run mọ̀ ọ́n,” ni àáfà dáhùn, ó sì gbé àdúrà lọ. Kò sí òkú tí wọ́n wẹ̀, kò sí sàréè tí ẹnikẹ́ni máa lọ wò. Wọ́n pín àkàrà àti ẹ̀kọ sàráà, àwọn èèyàn jẹ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Àsùbá ọjọ́ kejì, mo ti jí, mò ń gbá ẹnu ọ̀nà mi. Ògiri ilé wa ò nípọn. Mo gbọ́ tí Sìdíkátù kírun tán, tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà tó máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ó ṣe é fún ọkọ rẹ̀. Ó ṣe é fún Hamdalah. Ó ní, “Ọlọ́run ọba, Muiz ọmọ mi, níbi yòówù kó wà, kí o bá mi ṣọ́ ọ, kí o bá mi mú un padà…”

Ohùn rẹ̀ já síbẹ̀. Mo dúró, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mò ń retí pé á fi àdúrà òkú rọ́pò rẹ̀, bí àáfà ṣe kọ́ ọ. Kò ṣe é, kò sì parí ti àkọ́kọ́. Ìró korobá ni mo gbọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó kí mi pé ṣé mo jí dáadáa, ó sì kọjá lọ sídìí kànga.